Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Àyè Mẹfibóṣẹ́tì Nídìí Tábìlì

Bíbélì Kíkà: 2 Sámúẹ́lì 4:4, 9:1-13, 16:1-4, 19:24-30
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Léfítíkù 19:14 (kí gbogbo kíláàsì kà á pọ̀ láti inú Bíbélì)
Ìlépa Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ohun tí ìjọ lè ṣe kí àwọn aláàbọ̀ ara lè ní àyè gidi láàárín wa, yàtọ̀ sí ọrẹ àánú nìkan.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa a máa pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà. Wọn kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìbẹ̀rù. Àwa tí a ti di Krìstẹ́nì ti fi ìbẹ̀rù òrìṣà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni a fi rọ́pò rẹ̀? Ní ilé mìíràn, àánú ni. Ní ilé mìíràn, ìtìjú ni: bí àlejò bá dé, a ó ti ọmọ náà mọ́ inú yàrá. Àwọn kan ṣì ń béèrè ohun tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn béèrè nínú Jòhánù 9, pé ta ni ó dẹ́ṣẹ̀, ọmọ ni tàbí òbí rẹ̀. Olúwa wa ti dáhùn pé kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Kí kíláàsì má ṣe fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn lónìí.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

Ọmọ ọdún 5 ni Mẹfibóṣẹ́tì nígbà tí ìròyìn ikú Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì dé. Olùtọ́jú rẹ̀ gbé e, ó ń sá lọ, ọmọ bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Ẹ kíyè sí i pé Bíbélì kò dárúkọ èpè tàbí àjẹ́. Ẹni tí ó ń gbìyànjú láti gbà á là ni ọmọ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ ń gbé Lódébárì nínú ilé Mákírì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bi í léèrè.

Dáfídì ni ó wá a rí. Ọ̀pọ̀ oníwàásù a máa dúró lórí oúnjẹ tí ó ń jẹ nídìí tábìlì ọba, ṣùgbọ́n ẹ tún orí 9 kà. Kí Dáfídì tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó ti dá ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un. Ó tún pàṣẹ fún Síbà, tí ó ní ọmọkùnrin 15 àti ìránṣẹ́ 20, pé kí wọ́n máa ro ilẹ̀ náà fún un. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ kì í ṣe alágbe. Àlejò tí ó ń jẹun lọ́dọ̀ ọba lè padà sílé tirẹ̀ bí ó bá wù ú.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Nígbà tí Ábúsálómù ṣọ̀tẹ̀ tí Dáfídì sì sá kúrò ní Jerúsálẹ́mù, Síbà nìkan ni ó wá pàdé ọba, ó sì sọ fún un pé Mẹfibóṣẹ́tì ń retí láti gba ìjọba. Ọba gbà á gbọ́ láìbi Mẹfibóṣẹ́tì, ó sì fi gbogbo ilẹ̀ náà fún Síbà. Ní orí 19 ni Mẹfibóṣẹ́tì tó ráyè sọ tẹnu rẹ̀: ó fẹ́ gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tẹ̀lé ọba, ìránṣẹ́ rẹ̀ ni ó tàn án, arọ sì ni òun. Dáfídì pín ilẹ̀ náà sí méjì. (Èmi kò rò pé ìdájọ́ náà tọ́, ṣùgbọ́n kí kíláàsì jíròrò rẹ̀.) Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkùnrin yìí fi jẹun nídìí tábìlì ọba, síbẹ̀ ẹnu ẹlòmíràn ni ọba ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

ẸNI TÍ Ó ṢE IṢẸ́ YÌÍ NÍ ILẸ̀ WA

Ní 1925 ni a bí Andrew Foster ní Alabama ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn yírùnyírùn di etí rẹ̀. Ní 1954 ó gboyè ní Gallaudet College, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gboyè níbẹ̀. Ní 1956 ó dá ẹgbẹ́ míṣọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ fún àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1957 ó dé Accra, ó yá yàrá ìkàwé kan tí ó ń lò lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ti lọ sílé. Ní 1960 ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ní Enugu àti Kaduna. Kí jàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú tó pa á ní Rwanda ní 3 December 1987, ó ti dá ilé ẹ̀kọ́ 31 sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 13.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ohun tí mo kà sí jù ni pé adití ni Foster fúnra rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn adití ọmọ Áfíríkà láti di olùkọ́ àti aṣáájú. Kò yan Síbà kankan láti máa bá wọn sọ̀rọ̀. Èdè ọwọ́ ni ó fi kọ́ wọn ní ìwé àti Bíbélì. Àwọn àgbà wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti adití, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Nítorí náà, kí a yé pe ẹni tí kò gbọ́ràn ní odi, bí ẹni pé kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó ní i. Àwa ni a kò gbọ́ èdè rẹ̀.

NÍ ÀYÍKÁ WA

Kí ará Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì má ṣe sọ pé ọ̀nà jìn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ti àwọn adití wà ní Ìkòrò-Èkìtì. Ní Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977 ń kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òbí tí ó ní ọmọ afọ́jú tàbí adití nílé lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ó sì tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ tí kò ní èdè kankan títí di ọdún 10 ti pàdánù púpọ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ ìjọ a máa kó ìrẹsì àti ọṣẹ lọ sí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà ìkórè. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn ọmọ ṣaláìní. Ó lè jẹ́ ìwé bíréèlì, tí afọ́jú ń fi ìka kà. Bíbélì bíréèlì kì í ṣe ìwé tí a ń há sí abíyá. Ọ̀pọ̀ ìdì ńláńlá ni, ó sì wọ́n.

Òfin pẹ̀lú ti sọ̀rọ̀. Ní January 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tí ó ka fífi ìyà jẹ aláàbọ̀ ara nítorí ipò rẹ̀ léèwọ̀. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí arọ lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà ti pé ní January 2024. Ẹ jáde lọ wo àtẹ̀gùn ilé ìsìn yín. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin inú Máàkù 2 ṣí òrùlé onílé kí aláìsàn wọn lè wọlé. Ẹnìkan kò ní kí a ṣí òrùlé. Bírọ́ọ̀kì díẹ̀, yanrìn àti sìmẹ́ǹtì tó láti sọ àtẹ̀gùn di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ṣé ó tọ́ bí Dáfídì ṣe pín ilẹ̀ náà ní 2 Sámúẹ́lì 19:29? Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe?
2. Mélòó ni aláàbọ̀ ara tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ tàbí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa? Kí ni ó fa èyí?
3. Ta ni aláàbọ̀ ara tí ó ń gbé ládùúgbò yín tí ẹ kò tíì rí ní ilé ìsìn? Kí ẹni méjì láti inú kíláàsì lọ kí i kí ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n sì bi òun fúnra rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́.