Àpótí Ìmọ̀: Ìdánimọ̀ Nìkan Ló Tó
Ká ní áàpù kan lórí iPhone ní àkọsílẹ̀ oníbàárà 10,000, tí a sì fẹ́ mọ àwọn tó jẹ gbèsè. Àṣà ọ̀pọ̀ tó ń ṣe áàpù ni pé kí Core Data, irinṣẹ́ Apple tó ń bá áàpù tọ́jú dátà, kó odindi àkọsílẹ̀ wọn jáde, àtorúkọ àti àdírẹ́sì, kí wọ́n tó wá ṣa ìdánimọ̀ (ID) inú rẹ̀. Ẹrù tí kò yẹ ni wọ́n dì lé fóònù lórí. Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Core Data, pé ìdánimọ̀ nìkan lẹ fẹ́:

ibeere.resultType = .managedObjectIDResultType
ibeere.includesPropertyValues = false

Ìlà kejì yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìdánimọ̀ lásán ni yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ Core Data yóò ṣì ka ìyókù dátà náà sínú mẹ́mọ́rì. (Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ṣí àwọn àkọsílẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀, ẹ kúkú yọ ọ́ kúrò; kíkà yẹn á wúlò fún yín.)

Àǹfààní mìíràn tún wà: NSManagedObjectID, ìyẹn ìdánimọ̀ náà, ṣeé gbé láti thread kan sí òmíràn láìséwu, àmọ́ NSManagedObject, ìyẹn àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ṣeé gbé bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ tuntun tí ẹ kò tíì fi pamọ́ ńkọ́? Ìdánimọ̀ onígbà díẹ̀ ló ní, yóò sì yí padà tí ẹ bá fi í pamọ́. Ẹ yẹ isTemporaryID wò kí ẹ tó tọ́jú u síbikíbi.