Ẹ̀KỌ́ KẸTÀLÁ: Lẹ́tà Mẹ́ta, Ìtumọ̀ Márùn-ún

Ẹ̀yin tí ẹ ti parí Ìwé Kìíní, tí ẹ sì lè kọ orúkọ yín àti ti àwọn ọmọ yín, ẹ̀yin ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún.

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa ní Mushin tí a ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ ọgọ́ta ọdún kí ó tó mọ ìyàtọ̀ A sí B. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé kan ó wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó gbé fóònù rẹ̀ ka iwájú wa. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà nílé ni ó tẹ ọ̀rọ̀ yìí sí i:

Mo ti ta oko Baba. Owo wa lowo mi.

“Tísà, ẹ wò ó,” ni ó wí. “Ilẹ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀ fún gbogbo wa ló tà yẹn! Èmi fúnra mi ni mo kà á o, ẹnì kankan ò bá mi kà á.”

Òótọ́ ni. Ìwé àkọ́kọ́ tí ó dá kà láyé rẹ̀ nìyẹn. Kò sì tíì sùn láti àná. Ó ti pe àbúrò náà lóru, ó bú u, ó bú ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì pa fóònù dé.

A ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwa tí a fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ìwé, a kò lè sọ ohun tí ọkùnrin náà tà. Mẹkáníìkì kan tí ó jókòó lẹ́yìn ni ó bi í pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Bàbá ní mọ́tò?” Ìyá ní, “Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti dẹnu kọlẹ̀ tipẹ́.” Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà wàyí. Ohùn dò, re, mí tí a kọ́ níjọ́sí ni a ó fi kà á. Ẹ máa fi ìka lù ú lórí tábìlì bí ẹ ti ń kà á.

Oko (re re) ni ibi tí àgbẹ̀ ń gbin nǹkan sí. Kò ní àmì kankan, lókè tàbí nísàlẹ̀. Ní Èkó, bí wọ́n bá pe ènìyàn ní “ará oko”, èébú ni. Bí ẹ bá gbé ohùn ìkẹyìn rẹ̀ sókè, ẹ mọ ohun tí ó dà. A kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí àwọn ọmọ yín yóò máa yẹ ìwé yìí wò.

Ọkọ (re re, àmì wà lábẹ́ méjèèjì) ni ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó. Ṣùgbọ́n nínú agboolé wa, ìyàwó a máa pe àbúrò ọkọ rẹ̀ náà ní ọkọ òun, àní bí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹni tí kò mọ àṣà yìí, tí ó bá ka “ọkọ mi kékeré” nínú ìwé ìyàwó, á máa fura sí i lásán.

Ọkọ̀ (re dò) ni èyí tí àwa ará Yaba, Surulere àti Mushin ń pè jù. Ọkọ̀ ojú omi ni a kọ́kọ́ mọ̀. Ní 1896 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn, wọ́n ṣí i ní 1901. Àwọn bàbá wa kò wá orúkọ mìíràn kiri, wọ́n pè é ní ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí èyí tí ń fò dé, ó di ọkọ̀ òfuurufú. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí awakọ̀, ibùdókọ̀, àti wọkọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọ kan ti bọ́ sọnù nínú “wọ ọkọ̀”, ṣùgbọ́n àmì dò kò kúrò ní ìdí rẹ̀. Ẹ wo èyí pẹ̀lú: O loko. Ṣé ó lọ́kọ ni, tàbí ó lọ́kọ̀? Ọ̀pọ̀ ìjà ló wà nínú àmì kan ṣoṣo yẹn.

Ọkọ́ (re mí) ni àgbẹ̀ fi ń kọ ebè. Ọ̀kọ̀ (dò dò) ni ohun ìjà olórí ṣóńṣó tí jagunjagun ń jù.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń bá jà. Àwọn ará Jàpáànù ní àmì kan, 木, tí wọ́n yà bí igi. Igi náà sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dá dúró, wọn a kà á ní ki. Bí ó bá wà nínú orúkọ Ọjọ́bọ̀, moku ni wọn a kà á. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ilé-ìwé wọn fi ń mọ èyí tí òun yóò pè.

Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò bá sí àmì. Bí a bá rí “wo oko”, ọkọ̀ ni. Bí a bá rí “fe oko”, ọkọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ àbúrò Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: ta. A ń ta oko, a ń ta ọkọ̀, a ń ta ọkọ́. Aládùúgbò yẹn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ṣáájú wa fi ṣe làálàá lórí ọ̀rọ̀ kíkọ, láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, títí dé ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó níbí ní 1875 lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa.

Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí ẹ bá yan èdè Yorùbá fún ìtẹ̀wé, àwọn lẹ́tà alámì á jáde. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un: “oko akeru Baba”. Kò ní náni ní kọ́bọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta ni àbúrò náà tó gbé fóònù. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó tà, fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Oko Bàbá wà níbi tí ó wà. Ó mú owó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí Mushin fúnra rẹ̀, wọ́n sì jọ jẹun. Ìyàwó rẹ̀ ni kò bá a wá, títí di àkókò tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí.

ÌDÁNRAWÒ. Ẹ kọ àwọn gbólóhùn wọ̀nyí sínú ìwé yín, kí ẹ fi àmì sí i lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ kà á sókè fún ẹni tí ó wà nílé:

Oko re wo oko lo si oko.
Agbe gbe oko re sinu oko.
Jagunjagun ju oko.
Mo ti ta oko Baba. (Ẹ kọ èyí ní ọ̀nà mẹ́ta.)