Àbúrò Mi, Ra Ohun Tí Yóò Fa Eruku Kí O Tó Ra Léètì

Àbúrò mi, wọ́n sọ fún mi pé o ti ń wá ẹ̀rọ ìyígi kékeré tí wọ́n ń pè ní léètì kiri, pé gègé onígi lo fẹ́ máa yí tà. Inú mi dùn sí i gan-an. Igi wà lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Ògùn, ọjà náà sì wà: Polítẹ́níìkì Òkè-Ògùn wà ní Ṣakí, yunifásítì LAUTECH ní ọgbà ní Ìṣẹ́yìn, kò sì sí ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tí àwọn òbí kì í wá ẹ̀bùn tó bójú mu fún ọmọ wọn. Fi àpò kékeré tí wọ́n rán láti ara àjákù sányán tàbí ẹtù gbé gègé náà kalẹ̀, kò sẹ́ni tí á bi ọ́ pé ibo ló ti wá. Lórí títà, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ bá ọ sọ. Ọmọ oníṣòwò ni ọ́. Eruku ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Owó tí o tọ́jú fún léètì, pín in sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kan ni kí o kọ́kọ́ fi ra ẹ̀rọ tí yóò máa fa eruku, páìpù rẹ̀, àti ìbòmú gidi. Bí èyí tó kù kò bá ká léètì, ní sùúrù títí yóò fi ká a. Mo mọ̀ pé á ṣòro. Léètì lojú ń rí, òun lèèyàn ń fẹ́ fi yangàn. Kò sẹ́ni tó ń pe ọ̀rẹ́ wá wo páìpù.

Bí gègé ṣe kéré ló ń tanni jẹ. Igi tí a fi ń ṣe é kò ju bí ìnṣì 5 lọ ní gígùn, ìbú rẹ̀ kò sì tó ìnṣì kan. Èèyàn á ní mélòó leruku rẹ̀? Àmọ́ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Irin ìfági tó mú ń gé èérún tó ká kó jáde, ilẹ̀ ni ìyẹn ń bọ́ sí, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Irin tó kú ló ń sọ igi di lẹ́búlẹ́bú, nítorí náà, kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n irin dáadáa. Ṣakí tí àwọn alágbẹ̀dẹ pọ̀ sí kò jìnnà sí ọ. Ìgbà tí a bá wá mú sáńpépà ni wàhálà dé. Orí sáńpépà ni gègé ti ń gba ẹwà, láti nọ́ńbà 150 dé 600, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kọjá bẹ́ẹ̀. Bí pépà ṣe ń kúnná sí i ni eruku ń kúnná sí i, orí rẹ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi náà níbi tí o ti ń wò ó bóyá ó ti dán. Irun orí èèyàn fẹ̀ tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 70. Eruku tí kò tó máíkírọ́ọ̀nù 10 lè kọjá imú lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí o ti pa ẹ̀rọ. Èyí tó balẹ̀ sórí tábìlì ti balẹ̀ ná. Èyí tó ṣì ń fò tí ojú kò rí ni kí o bẹ̀rù.

N kò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà ọ́. Ní 1995, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, fi eruku igi sí ìpele kìíní, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Jẹjẹrẹ inú imú wà lára ohun tí wọ́n rí. Ní Bírítéènì, òfin kò gbà kí eruku igi líle tí òṣìṣẹ́ ń mí símú láàárín wákàtí 8 ju mílígíráàmù 3 lọ nínú afẹ́fẹ́ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ìwọ̀n yẹn kéré gan-an. Bí o bá ti dúró ní ọjà pákó Bódíjà n'Ìbàdàn rí, o mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rí níbi tí wọn kò ti ka eruku sí.

Ibi tí eruku ti ń jáde ni kí o ti mú un. Páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ kì í ṣiṣẹ́ bíi fáànù tó ń fẹ́ ẹ. Fáànù lè fẹ́ atẹ́gùn kàn ọ́ láti òdìkejì yàrá. Páìpù tó ń fà, iwájú ẹnu rẹ̀ gan-an lagbára rẹ̀ mọ. Bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ ní ìnṣì 4, tí o sì gbé e jìnnà sí igi ní ìnṣì 4 péré, ìyára afẹ́fẹ́ tó dé ibi igi náà á ti wálẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nítorí náà, má gbé e kọ́ sára ògiri kí o wá máa retí iṣẹ́ ìyanu. Sún un mọ́ igi títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ní òdìkejì ibi tí o dúró sí, kí eruku máa sá kúrò lójú rẹ. Bí o bá gé ẹ̀gbẹ́ kan bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke, tí o fi ṣíji bo ẹ̀yìn igi, tí o sì so páìpù mọ́ ìdí rẹ̀, ó ń mú eruku ju ẹnu páìpù lásán lọ. Páìpù PVC onínṣì 4 tí àwọn plọ́ńbà ń lò fún omi ìdọ̀tí dáa, ó sì wà ní gbogbo ìsọ̀ ohun èlò ìkọ́lé. Má jẹ́ kó gùn jù, má sì jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ pọ̀. Rọ́bà tó ń nà tó ń sún kì, ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì ní ìparí ni kí o fi ṣe, torí inú rẹ̀ tó rí gbágungbàgun ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà.

Ibí yìí ni Ọlọ́run ti ṣe wá lóore. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi owó ńlá ra asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kí wọ́n lè dá a padà sínú yàrá, nítorí òtútù: ta ló fẹ́ tú afẹ́fẹ́ tó fowó mú gbóná dànù síta? Òtútù tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Fa eruku náà, tú u síta, ó parí. Ẹ̀rọ náà gan-an, ìta ni kó wà, lábẹ́ páànù, kí ariwo rẹ̀ má bàa dí ọ létí. Fi garawa onídèérí kan sáàárín kí èérún ńlá máa bọ́ sínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Àmọ́ rántí pé ìta rẹ ni ìta aládùúgbò rẹ. Àwọn ìyá wa ń sá èlùbọ́ sórí àpáta, àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn sì ń na òwú gbọọrọ gbọọrọ síwájú ilé. Wo ibi tí ẹnu páìpù yóò kọ sí kí o tó dá ògiri lu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjà ni yóò kọ́kọ́ ti inú ṣọ́ọ̀bù náà jáde.

Wo ojú atẹ́gùn pẹ̀lú. Láti bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Nígbà òjò, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń wá. Bí o bá ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun, jẹ́ kí fèrèsé ńlá wà ní ìhà méjèèjì yìí, kí o sì gbé léètì kalẹ̀ lọ́nà tí atẹ́gùn yóò fi máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá. Má jẹ́ kó máa ti ẹ̀yìn fẹ́ ọ. Ó jọ pé ìyẹn ló dáa jù, kò rí bẹ́ẹ̀: ara rẹ á dí i, afẹ́fẹ́ á máa yí po níwájú àyà rẹ, á sì gbé eruku wá bá ọ nímú. Fáànù òkè àjà náà, pa á bí o bá mú sáńpépà. Ṣe ló ń tú ohun tí páìpù fẹ́ kó ká.

Iná wá ńkọ́? Léètì kékeré kì í jẹ iná púpọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku ló sábà máa ń jẹ jù ú lọ. Mọ́tò alágbára ẹṣin kan ń fẹ́ ju wáàtì 746 lọ bó bá ti ń sáré, ó sì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì nígbà tó bá ń gbéra. Ẹ̀rọ eruku ni kí o kọ́kọ́ tàn, jẹ́ kó balẹ̀, kí o tó tan léètì. Bí jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà rẹ kò bá lè gbé méjèèjì, fi irin gé igi rẹ kí o sì dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ sáńpépà, ó di ìgbà tí NEPA bá múná wá. Kí jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà sí fèrèsé o. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ ń tú síta, ibì kan ni yóò ti wọlé rọ́pò ara rẹ̀, bí èéfín bá wà lẹ́nu fèrèsé, èéfín náà ni yóò fà wọlé, gáàsì olóró inú rẹ̀ sì lè pani láìjẹ́ kéèyàn gbóòórùn rẹ̀.

Igi wo lo máa kọ́kọ́ lò? Ọsàn. Àwọn olóko ń gé ẹ̀ka rẹ̀ dànù, bẹ́ẹ̀ igi rẹ̀ kúnná, àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń gba dídán. Àyìn lẹ́wà, àmọ́ ó le, á máa jẹ ojú irin rẹ. Ìrókò ni gbogbo ayé máa bi ọ́ léèrè, òun gan-an ni kí o ṣọ́ra fún jù, torí eruku rẹ̀ ń mú ara yún, ó sì ń dá ikọ́ fée sílẹ̀ lára àwọn ẹlòmíràn. Máńgòrò àti kaṣú tó kún oko wa, ẹbí kan náà ni wọ́n, oje wọn kì í bá gbogbo ara mu. Igi òrí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé èyí tó wà láàyè nítorí gègé. Oúnjẹ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ni. Igi kosso tí àwọn onígẹdú kó ránṣẹ́ sí Ṣáínà títí ó fi di ọ̀wọ́n wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò igi àti ẹranko tó wà nínú ewu, láti 2017, àjákù tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà ti tó ọ. Igikígi tó wù kó jẹ́, jẹ́ kó gbẹ. Ọyẹ́ ń gbẹ igi kíákíá, kíákíá jù pàápàá, nítorí náà kun orí rẹ̀ méjèèjì ní ìda kó má bàa là.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ara lè gba igi kan fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó wá kọ̀ ọ́ lójijì. Bó bá ti kọ̀ ọ́, bín-ín-tín ló tó láti dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun ti ń lò ó tipẹ́, nǹkan kan kò ṣe òun, má jiyàn, ṣáà wọ ìbòmú rẹ.

Ìwọ tí o fẹ́ràn oge, gbọ́ o: kò sí gèlè nídìí léètì, kò sí ìborùn, kò sí bùbá ọlọ́wọ́ gbọọrọ, kò sí ẹ̀gbà ọrùn, kò sí òrùka ìgbéyàwó pàápàá. Ohun tó ń yí nígbà 2000 sí 3000 ní ìṣẹ́jú kan kì í dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ya aṣọ iṣẹ́ kan sọ́tọ̀, kí o bọ́ ọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí o ṣan ọwọ́ àti ojú kí o tó gbé ọmọ. Súpà gúlù tí a fi ń lẹ ọ̀pá idẹ inú gègé mọ́ inú igi, tí àwọn kan tún fi ń dán ara gègé, má ṣe fi òwú tàbí àjákù aṣọ òwú nù ún láé. Nílùú ahunṣọ, òwú ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí ọ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ gúlù yẹn bó bá kan òwú á gbóná débi tí á fi rú èéfín, ó sì lè jó ọ lọ́wọ́. Tíṣù ni kí o lò, kí páìpù sì máa fa òórùn rẹ̀ lọ.

Ìbòmú ló kẹ́yìn, torí ohun tí páìpù kò bá mú nìkan ló wà fún. Aláṣọ tí a wọ̀ nígbà kòrónà kò wúlò níbí, aláwọ̀ búlúù ti ọsibítù náà kò wúlò, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn wọlé. N95 ni kí o bèèrè. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ó kéré tán ó ń mú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, títí kan eruku tó ṣòro mú jù. Fi ọwọ́ méjèèjì bò ó kí o mí síta kíkan; bí atẹ́gùn bá kàn ọ́ lójú, kò tíì lẹ̀. Okùn méjì ló ní, irun ṣùkú tó ga kì í sì í jẹ́ kí tòkè dúró, nítorí náà, di irun mìíràn lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀. Má bọ́ ọ bí léètì bá ṣe dúró. Jẹ́ kí ẹ̀rọ eruku ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i ná.

Má fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní gbígbẹ, má sì yá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ fọkanáísà láti fi fẹ́ ẹ mọ́. Aṣọ tútù ni kí o fi máa nu ún. Ibi tí o ti ń pọ́n irin, kó jìnnà sí páìpù, torí ẹta iná kan tó bá wọ inú garawa èérún lè máa jò lábẹ́lẹ̀ títí di òru. Da garawa náà nù kí o tó ti ilẹ̀kùn.

Bí ikọ́ bá wá bẹ̀rẹ̀, tí imú ń dí, tí àyà ń há, ṣọ́ ọjọ́ tó ń ṣe ọ́. Bó bá ń le lọ́jọ́ iṣẹ́, tó ń rọlẹ̀ nígbà tí o bá lọ òde àríyá lópin ọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni kí o fura sí. Má dúró ti àgbo nìkan, lọ sí ọsibítù. Sọ irú iṣẹ́ tí o ń ṣe fún dókítà kó tó bi ọ́, torí ó lè máà wá sí i lọ́kàn pé obìnrin tó jókòó síwájú òun ń yí igi. Mú ẹ̀là igi tí o ń lò lọ́wọ́ dání, kí o sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.