Orí Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Fi Ojú Wọ̀n: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ògúndá Méjì



Ọmọ awo mi kan tó ń kọ́ ìṣègùn òyìnbó bi mí pé, "Bàbá, ṣé èèwọ̀ ni kí n fọwọ́ kan egungun òkú níbi ẹ̀kọ́ wa?" Mo ní kó jókòó. Ìtàn méjì ni mo sọ fún un.

Nínú Ògúndá Méjì, Oríṣẹ́ẹ̀kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ ń lọ yan orí nílé Àjàlá. Àwọn méjì kánjú, wọ́n mú orí tó tóbi, tó dára lójú. Wọn ò mọ̀ pé kò jinná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí sì ń ṣí bọ́ díẹ̀díẹ̀. Afùwàpẹ́ ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó sì rí orí rere mú. Ẹ rí i pé títóbi kọ́ ni orí.

Ìtàn kejì, Philadelphia ní Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀. Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Samuel George Morton. Kó tó kú ní 1851, agbárí òkú tó kó jọ lé ní 800. Á da wóró èso sínú agbárí, nígbà tó yá ó di ọta òjé wẹ́wẹ́, láti fi wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Ó wá to àwọn ìran ènìyàn sí ipò, ó fi aláwọ̀ funfun ṣe olórí, ó fi aláwọ̀ dúdú sísàlẹ̀. Àwọn tó ń kó ẹrú rí ohun gbá mú. Àṣìṣe Oríṣẹ́ẹ̀kú náà nìyẹn!

Lára agbárí yẹn, ó lé ní 50 tó wá láti Havana ní Cuba, ti àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Cuba yìí ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa lọ, àwọn tí à ń pè ní Lukumí. Ìdí tó fi ká mi lára nìyẹn. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí wọn lórí.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Pennsylvania ni wọ́n to díẹ̀ sí. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pariwo, wọ́n kó wọn kúrò ní 2020. Ní 2021 wọ́n tọrọ àforíjì. Ní oṣù kìíní 2024, wọ́n sin agbárí 19 ti àwọn aláwọ̀ dúdú Philadelphia sí itẹ́ Eden. Síbẹ̀ àwọn ará ìlú kan bínú pé wọ́n kánjú, wọn ò wádìí dé ọ̀dọ̀ ẹbí tó.

Ìdáhùn mi rèé: fífọwọ́ kàn án kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó fi ara rẹ̀ tọrẹ kó tó kú, ọrẹ ló ṣe, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí a kò bi, tí kò lẹ́bí tó lè sọ̀rọ̀, olè la jà á. Ẹ bèèrè ibi tó ti wá. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, ẹ ní kí wọ́n sin ín.

Ọmọ náà dákẹ́. Ó ní, "Bàbá, a ò bèèrè rí."

Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ìwà pẹ̀lẹ́ kì í ṣe fún alààyè nìkan.

Orí wa á gbè wá o. Àbọrú àbọyè.