Ilé Là Ń Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ògiri Pálọ̀

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé kan náà ni àlejò ń wò kí ó tó sọ àwa náà lórúkọ lẹ́yìn wa. Kí ẹ tó bu omi fún un tán, ojú rẹ̀ ti yí ògiri pálọ̀ ká. Kí ló rí? Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, kàlẹ́ńdà ìjọ tọdún yìí ni, tèṣí ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Alímánáàkì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà lápá ọ̀tún, òdòdó oníke wà lápá òsì. Aago tí wọ́n pín níbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ ìdílé ló wà lókè tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán olóògbé wà láàárín rẹ̀, ọwọ́ aago sì ń gba imú màmá kọjá ní wákàtí-wákàtí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí onílé dìídì yàn. Wọ́n kàn ń dé ni, ìṣó sì ń gbà wọ́n.

Mi ò bínú ẹ̀bùn o. Ẹni tó fún wa ní aago ṣeun. Ṣùgbọ́n ilé tí kò dùn ún wò, àpọ̀jù ló sábà máa ń bà á jẹ́, kì í ṣe àìtó. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí pálọ̀ òun di ọ̀tun, kó má tíì mówó jáde. Kó kọ́kọ́ yọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ògiri ṣófo fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ó rí ibi tí oòrùn ń bà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ibi tí omi òjò ti ń yọ́ wọlé, àti ibi tí ojú ẹni tó bá jókòó ń lọ fúnra rẹ̀. Bí ìyàwó tàbí ọkọ bá ń ráhùn pé ilé ti dà bí ilé ẹni tó fẹ́ kó lọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣe sùúrù.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó lè wà nínú ṣòkòtò. Ẹ ṣí àpótí ìyá àgbà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, àkísà yẹn gan-an là ń wá: ìró adìrẹ tó ti ń já létí, igbá fínfín Ọ̀yọ́ tí wọ́n fi ṣe ẹrù ìyàwó, fọ́tò dúdú òun funfun tí bàbá bàbá yín yà ní sítúdíò, tó fọwọ́ lé tábìlì, tí bàtà rẹ̀ ń dán, tí ojú rẹ̀ sì le bí ẹni pé wọ́n pè é lẹ́jọ́. Ẹ gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n dà kọ. Kó tẹ ẹ̀dà ńlá jáde fún ògiri. Kí ojúlówó padà sínú ìwé fọ́tò, kúrò níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti lè bà á.

Tó bá wá kan rírà, ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ẹ ra ohun tí ojú yín kọ̀ tí kò kúrò lára rẹ̀. Àwọn kan ń mú kúṣìn dání lọ sọ́jà kí wọ́n lè rí àwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ bá a mu, àfi bí ẹni ń wá aṣọ ẹbí. Kúṣìn ò ní pẹ́ gbó, kọ́tìnì ò ní pẹ́ ṣá. Àwòrán tí wọ́n torí kúṣìn rà yóò wá dúró bí àlejò tí ẹni tó mú un wá ti lọ.

Àwọn tó dàgbà ní ogójì ọdún sẹ́yìn á rántí àwòrán obìnrin kan tó gùn lọ́rùn, tó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú pálọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Tutu ni wọ́n ń pè é. Ben Enwonwu ló yà á nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Adétutù Adémilúyì, ọmọ ilé ọba Ilé-Ifẹ̀, ló sì jókòó fún un. Mẹ́ta ni Enwonwu yà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì di àwátì. Ìparí ọdún 2017 ni wọ́n tó rí èyí tó yà ní 1974 nínú fúláàtì ìdílé kan ní London, níbi tó ti wà lára ògiri láìsí ẹni tó mọ iye tó jẹ́. Ní oṣù kejì 2018, wọ́n tà á ní gbàǹjo Bonhams, owó rẹ̀ sì lé ní pọ́n-ùn mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Gbogbo ayé ló pariwo owó yẹn. Èmi, ohun tó wù mí níbẹ̀ ni ti tíṣà, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò tí wọ́n ti gbé ẹ̀dà rẹ̀ kọ́ láti àárín àwọn ọdún 1970 síwájú. Ojú obìnrin náà wù wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé yóò di owó.

Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrà, wọ́n á bá a fi kólẹ̀. Mo ń rí ilé gogoro Paris nínú fírémù ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́, nínú ilé ẹni tí kò ní ìdí kankan láti rántí Paris. Iye tí wọ́n ra ìyẹn pẹ̀lú fírémù rẹ̀ lè ra iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yaba College of Technology. Ẹ lọ bá wọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣàfihàn ìparí ẹ̀kọ́. Ẹ lọ sí Òṣogbo, níbi tí Dúró Ládípọ̀ ti dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962. Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ láyé ìgbà náà ni Twins Seven-Seven àti Jimoh Buraimoh, tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Iṣẹ́ àwọn yẹn ti wọ́n báyìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn wọn ò tíì tán nílùú. Ẹni tó wà ní Èkó kò ní láti rìn jìnnà: ilé àfihàn Nike Okundaye wà ní Lẹ́kkí, ẹ lè wọ ibẹ̀ wo títí ilẹ̀ á fi ṣú láìra nǹkan kan.

Àwọn alágbàtà kan á gbé ère tó ti dọ̀tí wá, wọ́n á ní inú ààfin ló ti jáde, pé ó ti pé igba ọdún. Ẹ má dá wọn lóhùn. Bó bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó lè dà bí ohun àtijọ́ ni. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀wọ̀n ló ń wá ojú yín: òfin Nàìjíríà kò gbà kí ẹni tí ìjọba kò fún láṣẹ ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí wọ́n kó o jáde nílùú láìgbàwé. Ère tuntun ni kí ẹ rà, lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Bí a ti dárúkọ ère, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ò ní ṣàì yọjú. Ère tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ sọ́jà, igi ni, ẹnikẹ́ni ò bọ ọ́ rí. Síbẹ̀, bí ẹnìkan nínú ilé kò bá lè sùn nítorí rẹ̀, ẹ má fi àlàyé dá a lágara. Igbá fínfín ò ní ojú, ìkòkò Ìlọrin ò ní ojú, adìrẹ náà ò ní ojú. Ọnà ò tán sára ère.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí adìrẹ, torí òun ló rọrùn jù láti rí, òun náà sì ni wọ́n ń bà jẹ́ jù. Ẹlẹ́kọ ni mò ń sọ. Obìnrin á fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, wọ́n á rì í sínú aró èlú, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, títí yóò fi dúdú débi tí wọ́n fẹ́. Ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní gba aró tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn dáadáa. Ẹ ó rí òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ṣíbí á sì wà láàárín òpó kan sí èkejì. Ọwọ́ ìyẹ́ kì í rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì: òpó kan á tẹ̀ díẹ̀, ṣíbí kan á sanra ju ìkejì lọ. Àléébù yẹn ni ẹ̀rí. Bí ẹ bá dé ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ padà kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n rì sínú aró, aró á hàn lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á funfun tàbí kó ṣá. Ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún wò pẹ̀lú. Bí aró bá yọ́ sí i, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ó tó fara kan ògiri tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Ìdajì méjì ni wọ́n sábà ń rán pọ̀ di ìró kan. Bí odindi bá tóbi jù, ẹ tú ojú rírán náà, kí ẹ gbé ìdajì kan kọ́. Ẹ má gé e. Ẹ má sì kan ìṣó mọ́ aṣọ. Kí télọ̀ rán àpò tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí òkè lẹ́yìn, kí ẹ ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí ọ̀pá náà sì jókòó sórí ìkọ́ méjì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé yóò jẹ àwọ̀ èlú díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ bá ká a.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, olongo kì í gbé títan. Àwòrán kékeré kan ṣoṣo lórí ògiri gbàgàdà, ẹ̀kán omi nínú òkun ni. Bó bá jẹ́ òkè àga gígùn ni yóò wà, kí fífẹ̀ rẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta àga náà, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ì báà jẹ́ mẹ́rin tí wọ́n tò pọ̀. Àlàfo àárín àwòrán sí àwòrán, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 tó. Kí ẹ tó lu ògiri rárá, ẹ gé ìwé ìròyìn ní ìwọ̀n fírémù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi téèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, ẹ sùn, ẹ jí, ẹ tún wò wọ́n. Ìwé ìròyìn kì í dá ihò.

Níbi gíga ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà. Àwọn bàbá wa a máa gbé fọ́tò kọ́ súnmọ́ àjà, wọ́n á sì dà á síwájú díẹ̀ kí ẹni tó jókòó lè rí i. Fọ́tò bàbá tó ti kú wà lókè nítorí ọ̀wọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí àárín àwòrán wà ní sẹ̀ǹtímítà 145 sí 150 láti ilẹ̀, ìyẹn ni ojú ẹni tó dúró. Lókè àga, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sílẹ̀ láàárín orí àga àti ìsàlẹ̀ fírémù. Ní yàrá ìjẹun, ẹ tún sọ̀ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí i, torí ìjókòó la ti ń wò ó. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ: àwòrán tí àwọn ọmọ fúnra wọn bá yà, ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ojú tiwọn tó. Fọ́tò ìdílé, ẹ kó wọn jọ sí ọ̀nà àárín yàrá, nínú fírémù aláwọ̀ kan náà, kí ìgbéyàwó, ìwúyè àti ìkómọ má baà tú káàkiri ilé.

Ògiri búlọ́ọ̀kù kì í gba ìṣó gbọ̀jẹ̀gẹ́; hámà á ṣí símẹ́ńtì dànù, ihò á tóbi ju àwòrán lọ. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú ibẹ̀, ẹ fi dírìlì lu ú, ẹ ti ike bọnú ihò kí síkúrù tó wọlé. Ẹ má lu ọ̀gángán òkè tàbí ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ń tan iná, nítorí ibẹ̀ ni wáyà sábà ń gbà. Ayálégbé tí onílé ò gbà kó lu ògiri lè fi àwòrán ti ògiri lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tilẹ̀ ń dùn ún wò bẹ́ẹ̀.

Nígbà òjò, ògiri á máa mu omi. Ẹ lẹ kọ́ọ̀kì kékeré mọ́ igun ìsàlẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn fírémù kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yìn àwòrán á hu funfun. Nígbà ọyẹ́, igi á gbẹ, á sì sán. Kí ère jìnnà sí ojú ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun igi lábẹ́ ère, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù lọ́jọ́ náà gan-an. Gíláàsì kì í gba omi lójú. Aṣọ ni kí ẹ rin, kí ẹ fi nù ún.

Kí ẹ tó gbé èyíkéyìí kọ́, ẹ yí i padà. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sẹ́yìn rẹ̀, ìlú tó ti wá, ọdún tí ẹ rà á, àti orúkọ ọnà náà bó bá jẹ́ aṣọ. Ère Yorùbá tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù òkè òkun kò lóǹkà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò ní orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì wà ní British Museum láti 1924. A mọ̀ lónìí pé Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, torí àwọn èèyàn rẹ̀ ò jẹ́ kí orúkọ náà kú lẹ́nu wọn. Ẹni tó ta iṣẹ́ fún yín ṣì wà láàyè. Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀.