EWÉ EÉRAN: BÍ A TI Í TỌ́JÚ RẸ̀ NÍ ETÍ ODÒ OKO KÒKÓ

Sí ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó Àkúrẹ́, Oǹdó àti agbègbè wọn:

Nínú ọ̀pọ̀ oko kòkó, apá kan wà ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá odò, tí kòkó kì í ti í ṣe dáadáa, nítorí tí ilẹ̀ ibẹ̀ tutù jù fún gbòǹgbò rẹ̀. Àgbẹ̀ mìíràn a ṣán ibẹ̀ kanlẹ̀. Òmíràn a fi oògùn tí ń pa koríko sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni irú ibẹ̀ ni ewé eéran, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé mọ́ínmọ́ín, fẹ́ràn láti máa hù. Ó tọ́ kí ẹ mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ pa á run, àti bí ẹ ó ti sọ apá oko náà di ọgbà ewé fún ilé yín.

BÍ A TI Í DÁ A MỌ̀

Gbòǹgbò rẹ̀ ń rá lábẹ́ ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti atalẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ru ewé kan ṣoṣo. Ọ̀pá náà lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ewé orí rẹ̀ sì lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Òdòdó rẹ̀ kì í yọ lókè. Ìdí ewé, nítòsí ilẹ̀, ni ó ń yọ sí, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò kíyè sí i rí. Èso rẹ̀ ní igun 3, ó sì máa ń pupa bí ó bá pọ́n. Irúgbìn dúdú ni ó wà nínú rẹ̀.

ÈRÈ RẸ̀

Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ewé yìí ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ó rọ̀, kì í tètè ya, ó sì ń fún oúnjẹ ní òórùn dídùn tí agolo àti ọ̀rá kò lè fún un. A ń la ọ̀pá rẹ̀, a sì ń fi í hun ẹní. Gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ etí odò mú kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ.

Èso rẹ̀ pẹ̀lú kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ní 1855, dókítà ará Ìlú Ọba kan, W. F. Daniell, kọ̀wé nípa bí àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń fi í mú oúnjẹ àti ẹmu dùn. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi sọ ewé náà ní Thaumatococcus daniellii. Ní 1972, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Họ́lándì yọ ohun dídùn náà jáde. Thaumatin ni wọ́n ń pè é. Bí a bá fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, ó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìgbà 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ń lò ó nínú oúnjẹ títí di òní.

ÌDÍ TÍ Ó FI Ń DÍNKÙ

Láti ìgbà àwọn baba wa, inú igbó ni a ti ń já ewé yìí. Ẹni tí ń gbìn ín kò pọ̀. Nísinsìnyí igbó ń tán, oògùn koríko ń pọ̀, ọ̀rá sì ń gba ipò ewé. Bí a kò bá gbìn ín, ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ wa yóò máa jẹ mọ́ínmọ́ín láìmọ ewé tí a fi ń pọ́n ọn.

BÍ A TI Í GBÌN ÍN

1. Ẹ yan ibi tí ó tutù, tí igi ṣíji bò, ṣùgbọ́n tí omi kì í dúró sí.

2. Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ wú gbòǹgbò, kí ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ojú tí yóò hù wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irúgbìn rẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó hù.

3. Ẹ fi àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 3 sí àárín wọn, kí ẹ sì fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀.

4. Ẹ máa fi ọwọ́ tu koríko ibẹ̀ títí ewé yóò fi bo ilẹ̀.

5. Ewé tí ó gbó ni kí ẹ máa gé. Ẹ fi èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sílẹ̀, kí ìdí rẹ̀ má baà kú.

ÌKÌLỌ̀

Ẹ má ṣe gbìn ín sáàárín kòkó, pàápàá kòkó kékeré, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ń tàn kálẹ̀. Bí ewé bá sì pọ̀ jù lábẹ́ kòkó, atẹ́gùn kì í ráyè kọjá, ọ̀rinrin a sì pọ̀; èyí ni àrùn tí ń mú èso kòkó dúdú tí ó sì ń jẹrà fẹ́. Etí odò ni ipò rẹ̀.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹ má ṣe já ewé oúnjẹ níbi tí oògùn kòkó tàbí ti koríko ń kán sí. Oúnjẹ gbígbóná ni a ń dì sínú rẹ̀, àwọn ọmọ wa ni yóò sì jẹ ẹ́. Ẹ má sì ṣe fọ ìkòkò oògùn sínú odò náà.

Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Kòkó ń mú owó wá lọ́dún. Ewé eéran yóò máa wúlò nílé lójoojúmọ́. Nígbà òjò tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù yín ya ilẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un, kí ó sì fi han àwọn ọmọ rẹ̀.