"A Dúpẹ́" Tí Ó Ní Ìdí

Bíbélì Kíkà: Sáàmù 90:1-17, Jòhánù 11:32-44
Àkọ́sórí: Sáàmù 90:12

Kí ẹ tó jókòó síbi àdúrà òwúrọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti bi yín pé, "Ṣé ẹ jí dáadáa?" Ẹ sì ti dáhùn pé, "A dúpẹ́." Ó ti mọ́ wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí ni a ń dúpẹ́ fún gan-an?

Nígbà tí bàbá mi wà láyé, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù láràárọ̀. Ìbéèrè kan náà ni: "Ṣé o jí? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ní àkókò yẹn, mo ti máa ń wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Awóyáyà lọ sí Ajah, inú á sì ti máa bí mi. Lọ́jọ́ kan, ní Ṣàngótẹ̀dó, mo rí ìpè wọn, mo ní màá pè wọ́n padà tí mo bá dé ibi iṣẹ́. N kò rántí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè pé Bàbá ti sùn nínú Olúwa. Nígbà tí aago mẹ́fà ààbọ̀ lù lọ́jọ́ kejì, fóònù mi kò dún. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo kà sí ìyọlẹ́nu, ìbùkún tí ó ní iye ni.

Olùfẹ́, Mósè mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ojú rẹ̀ ni ìran kan ṣe tán sí aginjù láàárín 40 ọdún. Nínú Sáàmù 90, ó fi ènìyàn wé koríko tí ń rú láàárọ̀, tí a gé nírọ̀lẹ́. Ó ní 70 ọdún ni, tàbí 80 fún ẹni tí ó lágbára. Ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀rù parí àdúrà rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ 14: òwúrọ̀ yẹn kan náà ni ó bẹ Ọlọ́run pé kí Ó fi àánú kún, kí a lè máa yọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀ kì í fi òwúrọ̀ ṣòfò.

Ẹ rántí January 2021, nígbà tí àrùn kòrónà tún gbóná ní Èkó. Gómìnà Babajide Sanwo-Olu sọ pé ní ilé ìwòsàn Mainland ní Yábàá, sílíńdà ọ́síjìn tí wọ́n ń lò lójúmọ́ ti gòkè láti 70 sí 350. Èémí tí ẹlòmíràn ń fi sílíńdà mí, ọ̀fẹ́ ni àwa fi mí i mọ́jú.

Nítorí náà, ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ń dúpẹ́ fún. Omi tí ó yọ nínú táàpù. Ọmọ tí ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan. Kọ̀ńdọ́ tí ń pariwo "Ajah! Ajah!" tí ẹsẹ̀ yín sì gbé yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bóyá ọ̀fọ̀ ni ẹ wà nínú rẹ̀ lónìí. Ọlọ́run kò ní kí ẹ díbọ́n. Jésù sunkún nítorí Lásárù. Ní ẹnu ibojì kan náà ni Ó ti gbójú sókè, tí Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Omijé kò dí ọpẹ́ lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ òní: Kí ẹ tó jáde nílé, kí olúkúlùkù dárúkọ ohun mẹ́ta tí ó ń dúpẹ́ fún. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹnì kan tí ẹ ti ń sọ pé ẹ ó pè.

Kókó Àdúrà:
1. Bàbá, mo dúpẹ́ fún èémí tí mo mí mọ́jú.
2. Olúwa, kọ́ mi láti ka ọjọ́ mi, kí n má fi èyíkéyìí ṣòfò.
3. Olúwa, tu gbogbo ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ láàárín wa nínú, ní orúkọ Jésù. Àmín.